Ọkọ̀ Tí A Ti Sọ Ẹ́ńjìnì Rẹ̀ Kalẹ̀: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Tó Fẹ́ràn Ọkọ̀ Ìsáré

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, tí ẹ ń fi owó òógùn yín ra àlòkù Toyota MR2, Porsche Boxster tàbí Lotus Elise, tí ẹ sì ń tú u nínú gáréèjì kékeré tí ẹ háyà, ẹ̀yin ni mo ń kọ̀wé sí. Mo mọ ohun tó ń fà yín mọ́ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ó ń fa èmi náà. Ẹ́ńjìnì wọn kò sí níwájú bíi ti ọkọ̀ tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́, kò sì sí ní ìdí pátápátá bíi ti Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá nílé. Ẹ̀yìn ìjókòó awakọ̀ ló wà, ṣáájú táyà ẹ̀yìn. Nígbà tí Jack Brabham fi ọkọ̀ Cooper tó ní irú ètò yìí gba ipò kìíní lágbàáyé ní 1959, tó tún gbà á ní 1960, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ìje ló tẹ̀lé e. Lamborghini fi ṣe Miura ní 1966. Toyota fi ṣe MR2 ní 1984, kí ẹni tí kì í ṣe olówó ńlá náà lè mọ bó ṣe ń rí lára.

Àmọ́ ẹ́ńjìnì tó wà láàárín ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ọwọ́ dé ibi púpọ̀. Lára Ferrari F355, ẹ ò lè pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń yí orí ẹ́ńjìnì láì kọ́kọ́ sọ ẹ́ńjìnì náà kalẹ̀. Ti MR2 náà, bí ẹ bá fẹ́ tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, abẹ́ ló ń gbà jáde, òun àti gíá rẹ̀ pọ̀. Ìwé tó kọ́ni bí a ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ kò wọ́n. Ohun tí wọn kì í sọ tó ni èyí tó kàn lẹ́yìn náà: egungun ọkọ̀ tó ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà. Onílé ń béèrè àyè rẹ̀, tàbí ọkọ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa kùn ún lọ́dà. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́, torí àwọn èèyàn rò pé ọkọ̀ tó ti fúyẹ́ ti di ohun tí a lè máa tì kiri. Ẹ́ńjìnì àti gíá ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe lára ọkọ̀ yàtọ̀ sí kí wọ́n gbé e sáré. Ẹ mọ iṣẹ́ wọ̀nyẹn kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé ọkọ̀ náà láti tì í.

1. Ẹ mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tù àkọ́kọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ti dojú rẹ̀ kọ ẹnu ọ̀nà. Iwájú ni sítíárìn ń darí, iwájú náà ni ojúhò tí a ń de ìkọ́ fífà mọ́ wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọkọ̀ tó dojú kọ ìta, ẹ fà á jáde ni. Èyí tó dojú kọ ògiri, ẹ óò máa fi ẹ̀yìn tì í jáde, ẹni tó wà ní sítíárìn kò sì ní rí ibi tó ń lọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn tó máa gba ẹ́ńjìnì àti gíá nígbà tí wọ́n bá jáde lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ tún pinnu èwo nínú ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnì ni yóò kúrò fún ìkejì. Àwọn kan máa ń sọ ẹ́ńjìnì sílẹ̀, wọ́n á wá ti ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbé ẹ́ńjìnì sórí pẹpẹ oníwíìlì mẹ́rin, kí ẹ sì fa òun jáde lábẹ́ ọkọ̀, kí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí irin tó gbé e. Ohun tó wà nílẹ̀ kò lè já lu ẹnikẹ́ni.

2. Ẹ má jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn kan ilẹ̀ bí orí ṣáàfù kò bá sí nínú họ́ọ̀bù.

Bí ẹ bá fẹ́ gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Họ́ọ̀bù ni irin tí a ń de wíìlì mọ́, inú bẹ́árìn ló sì ti ń yí. Ṣáàfù ni irin gígùn tó so gíá mọ́ họ́ọ̀bù. Bẹ́árìn ẹ̀yìn nínú púpọ̀ lára àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní ìlà bọ́ọ̀lù kéékèèké méjì, òrùka inú rẹ̀ sì pín sí méjì. Kò sí ohun mìíràn tó so òrùka méjèèjì pọ̀ ju orí ṣáàfù tó gba àárín họ́ọ̀bù kọjá lọ, pẹ̀lú nọ́ọ̀tù ńlá tí a fún mọ́ ọn lẹ́nu. Fífún yẹn ló jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan jókòó síbi tó yẹ kó jókòó.

Nígbà tí ẹ bá fa ṣáàfù jáde láti lè sọ gíá kalẹ̀, fífún náà ti lọ. Wíìlì á ṣì dúró, ẹ óò rò pé kò sí nǹkan kan. Bí ẹ bá wá gbé ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, ìwọ̀n ọkọ̀ á bọ́ sórí òrùka méjì tí ohunkóhun kò dì mú mọ́. Bọ́ọ̀lù á máa tẹ ẹ̀gbẹ́ òrùka dípò àárín rẹ̀, yóò sì jẹ irin náà ní ojú kéékèèké. Ẹ ti ọkọ̀ gba orí òkúta kan, họ́ọ̀bù lè fa òrùka kan jáde tẹ̀lé ara rẹ̀. Nígbà mìíràn ìjàǹbá náà kì í hàn títí ẹ́ńjìnì á fi padà sínú ọkọ̀, tí ẹ óò gbé e sójú ọ̀nà, tí ẹ̀yìn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùù bí ẹ bá ti sáré díẹ̀. Ẹ ó wá máa wá àléébù kiri nínú gíá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí ẹ ti ọkọ̀ jáde ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa tí a kọ́ṣẹ́ lórí ìjàpá nílé kò mọ ìṣòro yìí nígbà náà, ó sì nídìí. Láti 1975 tí ilé iṣẹ́ Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, ojoojúmọ́ ni mẹkáníìkì ń sọ ẹ́ńjìnì ìjàpá kalẹ̀. Ohun mẹ́rin péré ló dè é mọ́ gíá. Ẹ́ńjìnì nìkan ló ń jáde. Gíá á dúró sínú ọkọ̀, ṣáàfù méjèèjì á dúró síbi wọn, ẹ sì lè ti ọkọ̀ náà dé ibi tó wù yín. Nínú MR2, ẹ́ńjìnì àti gíá jọ ń bọ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbé àṣà ìjàpá wọ inú rẹ̀ yóò ra bẹ́árìn tuntun.

Ọ̀nà àbáyọ kò wọ́n. Bí ṣáàfù yín bá jẹ́ irú èyí tí a fi bóòtì de ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíá, bí ó ti rí lára Boxster, ẹ tú bóòtì wọ̀nyẹn nìkan, kí ẹ fi ṣáàfù sílẹ̀ nínú họ́ọ̀bù pẹ̀lú nọ́ọ̀tù rẹ̀ ní fífún. Bí ó bá pọn dandan kó jáde tán, ẹ wá ògbólógbòó jọ́ìntì ìta, èyí tó wà lẹ́nu ṣáàfù lápá wíìlì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù, ẹ gé ṣáàfù kúrò lára rẹ̀, ẹ ti orí rẹ̀ wọ họ́ọ̀bù, ẹ sì fún nọ́ọ̀tù rẹ̀ dé iye tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Ẹni tí kò bá rí jọ́ìntì lè lo bóòtì gígùn tó nípọn pẹ̀lú wáṣà irin ńlá lẹ́yìn àti níwájú, ṣùgbọ́n kí wáṣà ẹ̀yìn tẹ òrùka inú bẹ́árìn gan-an, kó má ṣe fara kan òrùka ìta tàbí rọ́bà tó ń dí girísì. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì. Tó bá yí láì gbọ̀n, tí kò sì há, ẹ lè gbé ọkọ̀ sílẹ̀.

3. Ẹ so gbogbo ohun tó ń gbọ̀n dirodiro.

Ṣáàfù tí ẹ fi sílẹ̀ nínú họ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ fi ìwúwo ara rẹ̀ rọ̀. Yóò ya rọ́bà tó bo jọ́ìntì, irin inú jọ́ìntì sì lè yọ kúrò nínú ife rẹ̀. Ẹ fi wáyà tàbí okùn so ó mọ́ ara ọkọ̀ kó dúró gbọọrọ, ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀.

Rédíétọ̀ MR2, Elise àti Boxster wà níwájú. Páìpù omi rẹ̀ gba abẹ́ ọkọ̀ lọ dé ẹ̀yìn, nítorí náà bí ẹ bá tilẹ̀ ti da omi nù, ó ṣì kù sínú páìpù gígùn wọ̀nyẹn. Ẹ dí ẹnu wọn. Omi yẹn dùn lẹ́nu, májèlé sì ni fún ajá, ológbò àti ọmọdé. Táǹkì epo ọ̀pọ̀ MR2 wà láàárín gbùngbùn ọkọ̀, láàárín ìjókòó méjèèjì; ẹ fi ìdérí tó bá a mu dí páìpù epo, ẹ má ṣe ki aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ fà á jáde kí ẹ tó tú páìpù rẹ̀ rárá. Òfin Ìlú Ọba kò gbà kí ẹnikẹ́ni tú u sínú afẹ́fẹ́.

Wáyà tó nípọn tó ń lọ sí sítátà ni mo fẹ́ kí ẹ bojú tó jù. Láti bátìrì ló ti wá tààrà, kò sí fíúsì nínú rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Tí ẹnu rẹ̀ bá fara kan irin ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń tì í, iná ni. Ẹ yọ orí bátìrì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù wé ẹnu wáyà náà.

4. Ẹ ṣírò ibi tí ìwọ̀n ọkọ̀ wà báyìí.

Ká sọ pé ọkọ̀ yín jẹ́ kílógíráàmù 1,200, tí táyà iwájú gbé 500, tí ti ẹ̀yìn gbé 700. Ká sọ pé ẹ́ńjìnì àti gíá jẹ́ 250, tí 200 nínú rẹ̀ ń tẹ ẹ̀yìn, tí 50 ń tẹ iwájú. Nígbà tí wọ́n bá jáde, iwájú ku 450, ẹ̀yìn ku 500. Lára ọkọ̀ tí sẹ̀ǹtímítà 240 wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, bíi ti MR2 tó jáde lẹ́yìn ti 1984, ojú ibi tí ìwọ̀n dúró sí ti sún síwájú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14. Ó tó ibú ọwọ́ àgbàlagbà pẹ̀lú àlékún. Ó kéré létí, ó pọ̀ lórí irin.

Ẹni tó gbé ọkọ̀ sórí ẹ̀rọ ìgbọ́kọ̀sókè olópòó méjì, ìwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì wà nínú ọkọ̀ ló fi to apá ẹ̀rọ náà. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń bọ́ sílẹ̀, imú ọkọ̀ ń wá ilẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó tú bóòtì tó kẹ́yìn, ẹ fi irin ìdúró gbé ọkọ̀ nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì di ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ apá ẹ̀rọ náà. Níbi tí ìwé ọkọ̀ ní kí ẹ ti jáàkì sí nìkan ni kí ẹ ti í sí. Elise tó jáde ní 1996 fi álúmínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ṣe egungun rẹ̀; jáàkì tó bá tẹ̀ ẹ́ níbi tí kò yẹ yóò dá ibẹ̀ lu, wẹ́dà àdúgbò kò sì ní lè tún un ṣe.

Síprín ẹ̀yìn náà yóò nà, torí kílógíráàmù 100 ti kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí ọkọ̀ á ga, imú á dọ̀bálẹ̀, táyà ẹ̀yìn kò sì ní dúró lóòró bó ṣe yẹ. Ó lè máa fa ẹsẹ̀ bí ẹ bá ń tì í. Kò burú fún ìrìn kúkurú. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ di àpò yanrìn mélòó kan mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnì ti kúrò, ẹ dì í dáadáa, kí ìdí ọkọ̀ lè padà wálẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Boxster, ẹ fetí sí èyí: àwọn irin agbẹ́sẹ̀dúró tí ẹ tú lábẹ́ kí ẹ́ńjìnì tó lè jáde gbọ́dọ̀ padà síbi wọn, pẹ̀lú gbogbo bóòtì wọn, kí táyà tó kan ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni wọ́n ń gbé ró.

5. Bíréèkì ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe gíá.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ́ lára láti fi ọkọ̀ sínú gíá kìíní bí ẹ bá páàkì. Kò sí gíá mọ́. Ọkọ̀ yín lè yí lọ lórí ilẹ̀ tó dà bíi pé ó tẹ́. Ẹ wò bóyá wáyà bíréèkì ọwọ́ ṣì so mọ́ ẹ̀yìn, torí inú ihò ẹ́ńjìnì ló gbà kọjá, ó sì wà lára ohun tí a máa ń tú. Bíréèkì ẹsẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ bí páìpù rẹ̀ kò bá tíì tú, àmọ́ yóò le bí òkúta, nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà ló máa ń bá ẹsẹ̀ yín tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá jókòó sí ìdí sítíárìn gbọ́dọ̀ mọ èyí ṣáájú, kó sì ní agbára lẹ́sẹ̀. Kí ẹnìkan máa mú wéèjì igi méjì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, kó ṣe tán láti fi sí i nígbàkúùgbà.

6. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbi tó wà.

Bí kọ́kọ́rọ́ bá jáde, sítíárìn á tì. Ẹ yí i dé ibi tó ti tú, kí ẹ sì dán sítíárìn wò lọ́tùn-ún lósì. Lára àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan, láìsí iná bátìrì, sítíárìn tàbí bíréèkì ọwọ́ kò ní tú rárá. Ẹ ti ṣe ètò iná rẹ̀ kí ẹ tó pe àwọn tó máa bá yín tì í.

7. Ẹnu ẹnìkan ni kí gbogbo yín máa gbọ́.

Ẹ yan ẹnìkan tí yóò máa sọ pé “ẹ tì í” àti “ẹ dúró”. Àwọn tó kù, kí wọ́n dákẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má dúró síwájú ọkọ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ti dà, ẹ̀yìn nìkan ni kí wọ́n wà, kí wọ́n sì rántí pé wéèjì ló ń dá ọkọ̀ dúró, kì í ṣe àyà wọn. Ibi tí a ń fi ọwọ́ sí ni òpó ilẹ̀kùn, ara táyà, àti irin ẹ̀yìn tó ṣeé gbára lé. Ara Elise kì í ṣe irin, yóò là bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ tì í. Apá ẹ̀yìn tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bó bá ń sáré, èèwọ̀ ni fún ọwọ́ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Iná iwájú MR2 tó ń dìde náà, ẹ jẹ́ kó sùn.

8. Pẹpẹ oníwíìlì abẹ́ táyà, inú ilé nìkan.

Ó dára púpọ̀ bí ẹ bá fẹ́ yí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nínú gáréèjì tó há. Orí sìmẹ́ǹtì dídán ló ti ń ṣiṣẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ kan péré lè dá wíìlì rẹ̀ dúró, kí ọkọ̀ sì fò kúrò lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tó wà lórí pẹpẹ yìí kò ní bíréèkì rárá, torí táyà gan-an kò yí. Ẹ gbálẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà bó ti wù kó rí.

9. Tí yóò bá gba ojú títì, tírélà ni kó gùn.

Ẹ má fi okùn fà á. Òfin Ìlú Ọba ka ọkọ̀ tí a fi okùn fà sí ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà: ó nílò awakọ̀ tó ní láíséǹsì, ó sì nílò bíréèkì tó pé. Tiyín kò lè pé. Kí ẹ sì ti fi SORN ránṣẹ́ sí DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, pé ọkọ̀ náà kò sí lójú títì mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò tún gbọdọ̀ sùn sétí ọ̀nà ìjọba, ì báà ṣe alẹ́ kan.

Láti 16 oṣù Kejìlá 2021, àwọn tó yege ìdánwò awakọ̀ láti oṣù Kìíní 1997 náà ti láǹfààní láti fa tírélà tí àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ tó kílógíráàmù 3,500 láìṣe ìdánwò mìíràn. Àǹfààní ni, ṣùgbọ́n kò kọ́ yín ní fífà á. Tírélà tí àpapọ̀ ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí fún un ju 750 lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Ẹ má kọjá máìlì 60 ní wákàtí kan lójú mọ́tọ̀wéè, tàbí 50 lójú ọ̀nà kékeré tí kò pín sí méjì.

Ẹ fi wíǹṣì fà á gùn, ẹ má ti í sáré gùn ún. Ẹ yí ìkọ́ fífà wọlé títí kò fi lè wọlé mọ́. Àwọn kan ń yí sí òsì. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dúró lójú okùn wíǹṣì nígbà tó bá ń fà, nítorí okùn irin tó bá já lè gé ẹsẹ̀. Imú ọkọ̀ tó ti dọ̀bálẹ̀ yóò fẹ́ fi ara gbo orí tírélà, ẹ fi pákó gígùn sí i kí òkè náà má ga jù.

Orí tírélà, ẹ rántí sẹ̀ǹtímítà 14 yẹn. Ìwọ̀n tó yẹ kó tẹ ìdí ọkọ̀ tó ń fà á jẹ́ ìdá 5 sí 7 nínú 100 gbogbo ìwọ̀n tírélà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ká ní egungun ọkọ̀ jẹ́ 950, tírélà jẹ́ 450: àpapọ̀ jẹ́ 1,400, ẹ ń wá láti 70 sí 98. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí ojú kan náà tí ẹ ti máa ń gbé e sí nígbà tí ẹ́ńjìnì wà nínú rẹ̀, tí mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ sì wà láàárín ìkọ́ àti ẹsẹ̀ tírélà, nǹkan bí 38 ni sísún yẹn fi kún ohun tó ń tẹ ìkọ́. Ẹ fa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má sì fà á sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ, torí tírélà tí ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo ló ń jó lójú mọ́tọ̀wéè.

Bẹ́líìtì, orí táyà ni kó gbà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má so ó mọ́ ṣáàfù, ẹ má so ó mọ́ páìpù bíréèkì. Lẹ́yìn máìlì díẹ̀, ẹ yà sí ibi tó láàbò, kí ẹ sì tún un fún.

10. Ẹ má dá ẹ́ńjìnì padà sínú ihò rẹ̀ láì dè é, kí ó lè bá ọkọ̀ lọ.

Mo ti rí i tí àwọn ọmọ ń ṣe é, wọ́n ní àwọn ń fi dá ìwọ̀n padà. Bóòtì tí kò sí níbẹ̀ ni ohun tó ń dá ẹ́ńjìnì dúró bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, ẹ̀yìn ìjókòó yín ló sì wà. Ẹ da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù sínú kóròbá tó ní ìdérí, ẹ gbé òun àti gíá sórí pákó tó nípọn nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ fi bẹ́líìtì di ojú ìkọ́ tí a fi ń gbé e sókè lápá méjèèjì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ náà, ẹ sì fi igi há ìdí rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Kí òun lọ lọ́tọ̀, kí egungun ọkọ̀ lọ lọ́tọ̀.